Ọ̀nà Àjàṣẹ́ Láìsí Tírélà Níwájú Mi

Ìyànà Ìyẹsí ni mo dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ sílé ní Sango lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Oorun ń kùn mí. Lójijì mo gbọ́ ìró kan tó dà bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jọ èlùbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ̀kẹ́ ológeere mẹ́jọ ló ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀tà. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, àyè tó wà láàárín táyà kan àti èkejì kò ju gígùn apá ènìyàn lọ. Obìnrin ló ṣíwájú wọn. Ó wé ìborùn sábẹ́ akoto, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó ké sí gbogbo wa tó wà ní ibùdókọ̀ pé, "Ẹ kú ìdúró o! Ọkọ̀ á dé!" Àwọn tó tẹ̀lé e náà ń kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹsẹ̀ wọn ni èmi ń wò. Kò sí ẹni tó ń tiraka. Gbogbo ẹsẹ̀ ń yí bákan náà, bí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo sí. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi pòórá lọ́nà Àtàn, ọkọ̀ tí mò ń dúró dè sì ti kún, ó ti lọ, mi ò mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti wọ̀ mí lára.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ara mi

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ike ni mò ń bójú tó nílé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé oògùn nìkan kò ní tó bí ara mi kò bá máa lo agbára. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fetí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ti sin ín. Nítorí náà mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan tó ní jíà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara mi.

Mo kọ́ ọ dáadáa. Mo mọ̀ pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ga dé ibi tí gìgísẹ̀ á ti kan pẹ́dà nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà tán. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ le ju ti iwájú lọ díẹ̀, torí ẹ̀yìn ló ru ara. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú igba ó lé ogún, èyí tó kù ni ibi tí ọkàn rẹ̀ lè lù dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Tèmi jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́sàn-án. Mo ra aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn àti ìyára, kí n má baà máa méfò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ẹni tó bá ń dá kẹ̀kẹ́ gùn ní àgbègbè wa kì í pẹ́ kọ́. Tírélà ni. Àwọn tírélà tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ ru sìmẹ́ńtì, wọ́n ru irin, wọ́n ru ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀nà tó bàjẹ́ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n lè sáré. Bí o bá sún mọ́ ìdí ọ̀kan, òun ni yóò máa la afẹ́fẹ́ fún ọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà ọ́. Mo máa ń sá kìlómítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tírélà, ọkàn mi kò sì ní lù ju ọgọ́fà lọ. Mo ti ń rò pé mo ti di akọni. Ọmọọṣẹ́ awakọ̀ á máa pariwo sí mi láti òkè ẹrù pé, "Ọ̀gá, kọmọ́t fọ bákì! Yù wọ́n dáì?" Èmi á juwọ́ sí i, èmi á tẹ pẹ́dà.

Ìyàwó mi, Ìyá Dámi, rí mi láti inú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó jẹ́ kí n jẹun tán.

Ó ní, "Bàbá Dámi, eré ìdárayá ni nọ́ọ̀sì ní kí ẹ máa ṣe. Kò ní kí ẹ lọ kú sí ìdí mọ́tò. Ẹ lọ wá àwọn tí ẹ ó máa bá gùn ún. Bí wọn ò bá gbà yín, ẹ ta kẹ̀kẹ́ yẹn. Mi ò ní tún un sọ."

Mo mọ ìyàwó mi. Kì í tún ọ̀rọ̀ sọ lóòótọ́.

Mo bá wá obìnrin tí mo rí ní Ìyànà Ìyẹsí lọ. Àlàájà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ó ń ta ọ̀dà ilé ní Ìjokò, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́. Mo ka gbogbo ìyára mi fún un. Ó ń ro ọ̀dà funfun kan, kò gbójú sókè.

Mo bi í pé, "Àlàájà, ìyára wo lẹ ń fẹ́ kéèyàn tó lè wọ ẹgbẹ́ yín?"

"Ìyára kẹ̀?" Ó wá wò mí. "A fẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin. A ó sùn síbẹ̀, a ó padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ bá wa ká lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Gbogbo ẹni tí ẹ bá kọjá lára wọn lójú ọ̀nà, ẹ kí wọn, kí ohùn yín sì já gaara. Ẹ̀yìn lèmi ó wà. N ó máa bi wọ́n léèrè yín."

Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ló ń sọ. Mo dá a lóhùn pé ìyẹn kò le.

Àtàn

Àwa márùn-ún la gbéra: Àlàájà, Jìmọ́ọ̀ tó jẹ́ wẹ́dà, ọmọ Ìkirè tí ẹnu rẹ̀ kì í dá, tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ tíṣà, àti èmi. A kò tíì kúrò ní Ìyànà Ìyẹsí pẹ́ nígbà tí tírélà onírin kan kọjá lára wa. Ẹsẹ̀ mi gbọ́ ṣáájú etí. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nídìí rẹ̀, mo sì ń fò lọ.

Mo dé Àtàn ṣáájú gbogbo wọn. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo ń nu ojú, inú mi ń dùn. Obìnrin kan tó ń ta àgbàdo sísè jókòó sétí títì, kò jìnnà sí mi. Nígbà tí Àlàájà dé, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó dúró lọ́dọ̀ obìnrin náà.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọ igbá."

"Àṣẹ o, Àlàájà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́, ṣé ó ti kọjá?"

"Kò sí ẹnì kankan tó kọjá. Tírélà kan ló kọjá níbí."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé mo fọ́jú ni? Mo jókòó síbí láti àárọ̀. Mo ní tírélà ni."

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ìyá, èmi nìyí! Èmi ni mo kọjá!"

Ó yíjú sí mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ibo lo gbà?"

Jìmọ́ọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di àǹjọ̀nú nìyẹn o! Ẹ bá wa bi àwọn ará ọ̀run bóyá wọ́n rí yín."

Àwọn tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Àlàájà kò rẹ́rìn-ín. Ó sún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ tèmi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá Dámi, ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀lé tírélà mọ́. Bí ẹ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibí ni kí ẹ ti padà sílé."

Ojú tì mí. Mo ní n ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú mi mo ń sọ pé àgbà obìnrin yìí ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn ibodè

N kò ní fi ọ̀rọ̀ Òwódé dé Ìdírókò dá yín dúró, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ iye ìgbà tí wọ́n ń dá èèyàn dúró. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ariwo ṣe rọlẹ̀ nígbà tí a kọjá Ìgólò lápá ilẹ̀ Benin. Ọ̀kadà ló pọ̀. Wọ́n to epo bẹntiróòlù sínú ìgò sétí ọ̀nà, ó ń dán nínú oòrùn bí oyin. Igi ọ̀pẹ, oko ẹ̀gẹ́, àwọn ilé alámọ̀ pupa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tí mo fi wà lójú ọ̀nà náà, mi ò rí ìdí tírélà kan tí mo lè sá sí.

Afẹ́fẹ́ sì ń bọ̀ láti ìhà òkun, ó kọjú sí wa gan-an.

Mo wo aago mi. Kìlómítà méjìdínlógún láàárín wákàtí kan. Ọkàn mi ti lu ọgọ́jọ ó lé mẹ́jọ. Mo rò pé aago ti bàjẹ́. Mo bọ́ ọ, mo nu inú rẹ̀, mo tún un dè. Ohun kan náà ló sọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lórí kẹ̀kẹ́, bí ìṣe mi. Bí mo bá yọ tírélà kúrò nínú gbogbo ìyára tí mo ti ń kà fún àwọn èèyàn, kí ló kù? Ìdajì ló kù, bóyá ni. Láti oṣù márùn-ún, ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ni mo ti ń kà mọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ibi tí mo ti ń ro èyí ni ọ̀nà ti gun òkè díẹ̀. Kì í ṣe òkè tí ọmọ Ìsẹ́yìn ń pè ní òkè. Ìyá arúgbó kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Òun ló kọ́kọ́ kí mi. "Kúàbọ̀!" ló wí, pẹ̀lú ẹ̀rín. Kú àbọ̀ tiwa náà ni; ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti sọ ọ́ di tiwọn, àlejò ni wọ́n fi ń kí.

Mo la ẹnu láti dáhùn. Èémí nìkan ló jáde.

Mo tún gbìyànjú. Ohùn kò sí. Mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, Yorùbá ni, àfi pé ó ń fà á lọ́nà tiwọn: "Ẹ wá wo èyí! Ànàgónù tí kò mọ ìkíni!"

Ànàgónù ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Ní Ọ̀tà, bí mo bá hùwà tí kò dáa, wọ́n á ní ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ní ibí yìí, gbogbo ìran mi ni mo bà lórúkọ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo dì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ojú mi ń ṣú. Jìmọ́ọ̀ ti padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. "Màmá, ẹ má bínú sí i. Kì í ṣe ìgbéraga. Èémí ló tán nínú rẹ̀."

Ìyá náà dìde, ó bu omi wá nínú igbá. Ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ lójú mi, kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń fún àlejò lómi nìyẹn, kó lè mọ̀ pé kò sí ibi nínú rẹ̀. Mo mu ún tán. Mo wá rí ohùn, mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Jókòó ná, ọmọ mi. Òùngbẹ kì í ṣe àfojúdi."

Àlàájà wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àjàṣẹ́

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a wọ ìlú. Àwọn ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà dé kọ́, ọ̀dà wọn ti ń ṣí, àwọ̀ ewé lábẹ́ àwọ̀ iyùn. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tó rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́lẹ́. Àwọn Àgùdà náà ló kọ́ ọ. Àlàájà dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe kun ún. Ó ní ẹni tó kun ún lẹ́yìn kò fọ ògiri kó tó kun ún.

Ebi ń pa mí gan-an. A rí obìnrin kan tó ń ta àmíwó. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, wọ́n fi omi ẹran adìyẹ, tòmátò àti ata rò ó, ó pupa, ó sì rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Wọ́n fi adìyẹ díndín àti àlùbọ́sà tútù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sáré lọ síwájú rẹ̀. "Ẹ bá mi bu márùn-ún." Obìnrin náà gbé ṣíbí dúró. Kò bu nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Mo rò pé kò gbọ́ Yorùbá. Mo fi ìka márùn-ún hàn án. Ó ṣì ń wò mí.

Ìyàwó tíṣà rọra tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. "Ẹ kí i ná, sà."

Mo kí i. Ó dáhùn, ó bi mí nípa ọ̀nà, ó bi mí nípa àwọn ará ilé mi, ó sì bu adìyẹ tèmi ju tàwọn yòókù lọ. Mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ti yé mi pé ẹgbẹ́ kò ní gbà mí. Mo ti ń ro ẹni tí n ó ta kẹ̀kẹ́ fún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àlàájà kírun tán, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sétí ọ̀sà. Àwọn apẹja ti wà lórí omi. Ó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Ọkọ mi lágbára jù yín lọ," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yìn tírélà lòun náà ti ń gun kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan ó jáde, kò padà. Mo gba ojú ọ̀nà yẹn láti Sango dé Òwódé, mo ń bi àwọn èèyàn: ẹ rí ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́? Aláàgbàdo kò rí i. Fọkanáísà kò rí i. Àwọn tó jókòó síta láti àárọ̀ kò rí i. Tírélà ni wọ́n rí. Bàbá Dámi, ọkọ mi kọjá lójú gbogbo ayé, ẹnì kan kò rí i."

Ó yíjú sí omi.

"Tírélà já sí kòtò, ó tẹ bíréékì, ọkọ mi sì kọ lù ú. Àwọn tó gbé e lọ sí ọsibítù kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i, láàárín àwọn tí kò ní ẹni. Ọkùnrin tó ní ìyàwó, tó bí ọmọ mẹ́rin." Ó yọ òkúta kan nínú bàtà rẹ̀. "Ẹni tí o bá kí á rántí rẹ. Bí nǹkan bá ṣe ọ́, á lè sọ pé, ó kọjá níbí, ó kí mi, ọ̀nà ibẹ̀ yẹn ló gbà. Torí ẹ̀ ni mo fi dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Bí èémí ènìyàn kò bá tó láti kíni lórí òkè, ó ti ń sá ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Kó rọra. A ó dúró dè é. Ṣùgbọ́n mi ò ní mú ẹni tí ojú ọ̀nà kò rí."

Mo kí i kú ọ̀fọ̀. Ó ní ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó dáhùn.

Ìpadà

Mo yọ aago lọ́wọ́, mo fi sápò. Mo gbé jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gùn ún bí ẹni tó ń lọ sọ́jà, mo sì ń kí ènìyàn.

Kò rọrùn. Ìkíni ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí èèyàn lè jù sílẹ̀. Ẹni tó ń ro oko, "Àroko bọ́dún dé o!" Ẹni tó ń tajà, "Ẹ ó tà o!" Ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n, o ní láti kí ọmọ náà. Bí wọ́n bá dáhùn, tí wọ́n sì bi ọ́ léèrè ibi tí o ti ń bọ̀, o gbọ́dọ̀ ní èémí tó kù láti dá wọn lóhùn. Bí mo bá ti rí i pé ohùn mi ń já, mo máa ń dẹ ẹsẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré kọjá mi. Jìmọ́ọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbín kan wà lẹ́yìn yín tó ń béèrè ọ̀nà o."

Lẹ́yìn Òwódé, ẹsẹ̀ mi kú. Àwọn yòókù ti wà níwájú, Àlàájà wà lẹ́yìn níbi tí mi ò ti lè rí i. Oòrùn wà láàárín orí. Ìgbà náà ni tírélà kan kọjá, ó ru sìmẹ́ńtì, ó ń rọra yẹ kòtò. Ìdí rẹ̀ sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí àmì ọwọ́ tí ẹnì kan tẹ̀ sínú eruku rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé okùn ti so mí mọ́ ọn lójijì. Kẹ̀kẹ́ mi fúnra rẹ̀ fẹ́ máa lọ. Bí mo bá tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹta péré, n ó bá a dé Àtàn, n ó sinmi lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀.

Ìyẹn gan-an ni mo rò: kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ara mi bù máṣọ.

Mo dẹ ẹsẹ̀. Tírélà náà lọ. Eruku rẹ̀ bò mí, ó sì gba ojú mi bí ẹni gbá mi létí. Nígbà tí eruku ṣí, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń wò mí. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ní, "Ẹ kú ewu o, bàbá. Ẹ rọra."

Bí mo ṣe wọ Ọ̀tà nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo wọn àfi Àlàájà. Obìnrin kan ń dirun níwájú ilé. Mo kí i bí ìyá mi ṣe máa ń kí àwọn onídìrí ní Ìsẹ́yìn, mo ní, "Ojú gbooro o!" Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ síwájú díẹ̀, mo dúró sí ìbòòji, mi ò lè tẹ̀síwájú. Kò pẹ́ tí Àlàájà fi dé. Mo ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọjá níbí?"

"Ọkùnrin kan ni, ó dọ̀tí gan-an. Ó kí mi 'ojú gbooro', mo ní 'òòyà á yà á'. Ọmọ tí mò ń dirun fún yìí ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Wọn kì í kíni bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí?"

Obìnrin náà rò ó. "Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó pé."

Àlàájà bá mi nínú ìbòòji. Kò yìn mí, kò sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wá gba aṣọ ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ má wá lásìkò ìrun."

Ìyá Dámi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Ó wo eruku ara mi, ó wo orúnkún mi, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Kò rí ọ̀kan.

"Ṣé wọ́n gbà yín?"

"Wọ́n gbà mí."

Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó yí i wọlé fúnra rẹ̀, ó sì fi ti ògiri pálọ̀.

Ìgbà tí mo wẹ̀ tán ni mo tó mú aago jáde láti inú àpò. Ó ti ń kà á láti àárọ̀. Láti Àjàṣẹ́ dé Sango, pẹ̀lú bí afẹ́fẹ́ ṣe wà lẹ́yìn wa: kìlómítà mẹ́rìnlá láàárín wákàtí kan. Nínú gbogbo ìyára tí mo ti ní rí, òun ló kéré jù. Tèmi ni gbogbo rẹ̀.